Alímọ̀ṣọ́ aṣojú kan, Erékùṣù Èkó aṣojú méjì: ta ló pín ẹkùn ìdìbò wa báyìí?

ỌmọÌpájà (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Olóṣèlú kan ń sọ lórí rédíò lánàá pé wọ́n ń rẹ́ Èkó jẹ ní Àbújá, pé ó yẹ kí àga wa nílé aṣojú-ṣòfin ju 24 lọ nítorí pé a pọ̀. Gbogbo àwọn tó pe orí ètò náà ló ń kan sáárá sí i. Èmi mú bírò, mo ní kí n ṣírò ẹ̀ wò.

Ìkànìyàn ọdún 2006 nìjọba ṣì ń lò. Ó ní a lé ní mílíọ̀nù 140 ní Nàìjíríà. Àga 360 ló wà nílé aṣojú-ṣòfin, torí náà bí ẹ bá pín in dọ́gba, ẹkùn kan á ní bíi 390,000 èèyàn. Èkó lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 9: àga 23 àti díẹ̀ ló tọ́ sí wa, 24 la ní. Kánò jẹ́ mílíọ̀nù 9.4: 24 ló tọ́ sí wọn, 24 náà ni wọ́n ní. Ọ̀yọ́ 14, Èkìtì 6, Kwárà 6, gbogbo ẹ̀ bá ìṣirò mu. Bayelsa rí èrè díẹ̀ he (5 dípò 4 àti díẹ̀), Ògùn sì pàdánù díẹ̀. Láàárín ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, kò sẹ́ni tó fi bẹ́ẹ̀ rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ lórí ìwé. Mo mọ̀ pé Èkó ò gba iye yẹn, pé ìjọba ìpínlẹ̀ ka tiẹ̀, tó sì rí mílíọ̀nù 17 ó lé. A máa débẹ̀.

Ẹ wá wo àárín ara wa. Nínú ìkànìyàn yẹn kan náà, ìjọba ìbílẹ̀ Erékùṣù Èkó ní bíi 209,000 èèyàn, aṣojú méjì. Alímọ̀ṣọ́ ní 1,277,000 ó lé, aṣojú kan. Ẹni kan ní Ìdúmọ̀tà lórí Erékùṣù tó èèyàn 12 ní Ìpájà wa ní Alímọ̀ṣọ́. Ìpínlẹ̀ kan náà, gómìnà kan náà. Kánò kọ́ ló ṣe é fún wa.

Ta ló fa ìlà yìí, kí ló sì dé tí kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án?

ỌmọErékùṣù

Wọ́n ti dé! Ọ̀rọ̀ kan ò ní kan Èkó kí wọ́n má kọ́kọ́ nawọ́ sí Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ọmọ Ìpájà, ẹ jẹ́ n bi yín. Níbo lẹ ti ń ṣòwò? Láti aago mẹ́fà àárọ̀ ni dáńfó ti ń já yín sílẹ̀ ní Ìdúmọ̀tà àti Balógun. Ẹ̀ ń da ìdọ̀tí síbẹ̀, ẹ̀ ń tẹ títì ibẹ̀ mọ́lẹ̀, tílẹ̀ bá ṣú ẹ ó padà sí Alímọ̀ṣọ́ lọ sùn. Èèyàn mélòó ló wà lórí erékùṣù lọ́sàn-án? Ẹ tiẹ̀ ka ìyẹn ná. Ibẹ̀ ni Ìgà Ìdúngànràn wà, ibẹ̀ ni Èkó ti bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí a ti ń yan aṣojú, oko lẹ̀yin ṣì wà.

ỌmọÌpájà

Ẹ̀gbọ́n, oko tí ẹ ní a wà yẹn, àwọn ọmọ ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó tí ilé kò gbà mọ́ ló kún bẹ̀ báyìí o. Ẹ lọ bèèrè ní Àyọ̀bọ̀.

Lọ́yàAkínkanjú

Ẹ jẹ́ n dá sí i kó tó di ìjà ìdílé.

Òfin ò ka ẹni tó wá ra aṣọ. Iye èèyàn tó ń gbé ní agbègbè ni ìwé òfin 1999 sọ. Abala 49 ní kí ẹkùn 360 náà ní iye èèyàn tó súnmọ́ ara wọn dé ibi tó bá ṣeé ṣe dé, kí ẹkùn kankan má sì bọ́ sínú ìpínlẹ̀ méjì. Abala 71 ní INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, ni yóò pín in. Abala 72 tún un sọ, ó sì fi kún un pé kí ilẹ̀ ẹkùn kan so pọ̀ mọ́ra. Abala 75 ní ìkànìyàn tó kẹ́yìn ni kí wọ́n lò. Erékùṣù méjì, Alímọ̀ṣọ́ kan: kò sí bí ẹ ṣe lè fi abala 72 gbèjà ìyẹn.

Ta ló fà á? Ọdún 1996 ni wọ́n pín in kẹ́yìn, lásìkò ológun, nígbà Abacha. Ìlà yẹn la ṣì ń dìbò lé lórí. Abala 73 ní kí INEC máa tún un yẹ̀ wò ní àárín ìgbà tí kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 10. Ẹ kà á dáadáa. Òfin sọ bó ṣe gbọ́dọ̀ pẹ́ tó kí wọ́n tó ṣe é. Kò sọ ìgbà tó gbọ́dọ̀ pẹ́ dé. Ọdún 10 ti kọjá, ogún ọdún ti kọjá, kò sì sẹ́ni tó lè dìde ní kóòtù kó ní INEC ti ré ọjọ́ kan pàtó kọjá.

Ibi tó ti wá dì pátápátá ni abala 74. Bí INEC bá pín in tuntun, ilé aṣòfin méjèèjì ní Àbújá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó lè ṣiṣẹ́. Ẹni tí ìlà àtijọ́ gbé wọlé la ní kó wá pa ìlà náà rẹ́. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀.

TísàÒkèÒgùn

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ìlú. Mo fẹ́ bá ẹ̀yin ará Èkó sọ nǹkan kan: gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti ń kígbe iye orí, àwa tí a wà lókè níbí làyà wa máa ń já. Ẹkùn ìdìbò wa, ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀: Ìsẹ́yìn, Ìtẹ̀síwájú, Kájọlà, Ìwàjọ̀wà. Aṣojú kan. Ìwàjọ̀wà lọ kan ààlà orílẹ̀-èdè Benin. Ẹni tó bá fẹ́ polongo ìbò dáadáa, ọkọ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ kú.

Ẹ tún wo bó ṣe ń lọ nígbà ìdìbò. A kì í béèrè pé ta ló dáńgájíá. Ohun tí a máa ń béèrè ni pé ìlú wo ló kàn. Bó bá kan Kájọlà, àwọn mẹ́ta yòókù á jókòó dúró. Ẹni tó mọṣẹ́ lè dàgbà kó tó kan ìlú rẹ̀. Bí ẹ bá ní iye orí nìkan lẹ fẹ́ máa wò, gbogbo àga Ọ̀yọ́ ni yóò kó lọ sí Ìbàdàn.

ỌmọÌpájà

Tísà, ẹ fara balẹ̀ ná, torí mo ti wo tiyín náà. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́rin yẹn, tí a bá ro wọ́n pọ̀, lé ní 680,000 nínú ìkànìyàn 2006. Aṣojú kan. Olúyọ̀lé, lẹ́bàá Ìbàdàn níbẹ̀, bíi 200,000 ni, òun nìkan ló sì ní aṣojú tiẹ̀.

Ẹ̀yin gan-an ni iye orí máa gbè. Àwọn tó ń dẹ́rù bà yín pé Ìbàdàn á jẹ yín run, ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́lọ́wọ́.

TísàÒkèÒgùn

Olúyọ̀lé nìkan?

Mo ń bọ̀. Ẹ jẹ́ n lọ wá ìwé ìkànìyàn yẹn.

Ọ̀dọ́GenZ

Ẹ̀yin àgbà ẹ ṣé o, ṣùgbọ́n kí ni gbogbo eléyìí fún? Aṣojú kan tàbí aṣojú mẹ́ta, ṣé wọn ò kúkú ní sùn sínú ilé náà ni? Èmi ò tiẹ̀ mọ orúkọ tèmi.

ÌyáÀgbàIlé

Ọmọ mi, owó ni. Iṣẹ́ àkànṣe ẹkùn tí wọ́n máa ń kọ sínú ìsúná ọdọọdún, ẹkùn ni wọ́n fi ń pín in. Ẹ̀rọ omi, iná ojú pópó, kíláàsì méjì níléèwé, kẹ̀kẹ́ Márúwá tí wọ́n ń pín fáwọn ọ̀dọ́: orúkọ aṣojú ló ń bá rìn. Ibi tí aṣojú méjì wà, ìpín méjì ló ń wọ ibẹ̀. Bí o kò bá mọ orúkọ tìrẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ ti pọ̀ jù fún un ni.

ÌyáÌbejì_London

Ẹ kú ilé o. Níbí ní Britain (ìjọba wa kì í ṣe àpapọ̀ bíi ti Nàìjíríà, mo mọ̀), ìgbìmọ̀ ààlà mẹ́rin ló wà, England, Scotland, Wales àti Northern Ireland, kálukú tiẹ̀. Àga 650. Nínú àyẹ̀wò tí wọ́n parí lọ́dún 2023, iye tí wọ́n gbé kalẹ̀ ni olùdìbò 73,393 fún ẹkùn kan, kò sì gbọdọ̀ fi ju ìdá 5 nínú 100 lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Erékùṣù mélòó kan nìkan ni wọ́n yọ sọ́tọ̀, bíi Isle of Wight.

Ohun tó jọ tiyín nìyí. Wọ́n ti ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ rí, tó parí lọ́dún 2018, ṣùgbọ́n àwọn aṣòfin jókòó lé e, kò ṣiṣẹ́. Ìdìbò tí a dì lọ́dún 2019, ìlà àtijọ́ la fi dì í. Nígbà tó di 2020 ni wọ́n ṣòfin tuntun pé ìgbìmọ̀ bá ti parí iṣẹ́, ó parí nìyẹn, ilé aṣòfin ò ní dìbò lé e lórí mọ́. Ìdìbò 2024 la kọ́kọ́ fi ìlà tuntun yẹn dì. Abala 74 tí Lọ́yà ń sọ yẹn ni kí ẹ bá jà, kì í ṣe Ìsàlẹ̀ Èkó.

Houston_Ọ̀ṣun

Àǹtí, tiyín dáa. Ẹ wá wo Texas níbí. Ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n sábà máa ń tún ìlà fà, lẹ́yìn ìkànìyàn. Nígbà tó di 2025, ìkànìyàn kankan ò sí, wọ́n kàn tún un fà láàárín ọ̀nà kí ẹgbẹ́ òṣèlú Republican lè rí àga márùn-ún sí i. Àwọn aṣòfin Democrat sá kúrò ní ìpínlẹ̀ kí iye tó yẹ kó jókòó má baà pé. Àwọn Republican pàpà fà á. Ni California náà bá pe ìdìbò ní oṣù kọkànlá, wọ́n fọwọ́ sí ìlà tí yóò gbè Democrat.

Nítorí náà, ẹ ṣọ́ra yín. Ìlà àtijọ́ burú, ṣùgbọ́n ìlà tuntun tí olóṣèlú fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà lè burú jù ú lọ. Àwọn tó ń fà á níbí ní ẹ̀rọ tó ń sọ ẹgbẹ́ tí àdúgbò kọ̀ọ̀kan fẹ́ràn.

Lọ́yàAkínkanjú

Òótọ́ ni, Houston. Ìdí nìyẹn tí India fi di tiwọn pa. Láti 1976 ni wọ́n ti dá iye àga ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan dúró sórí ìkànìyàn 1971, kí ìpínlẹ̀ tó fètò sí ọmọ bíbí má baà pàdánù àga. Àkókò tí wọ́n dá fún un ti ń dópin, àwọn ará gúúsù níbẹ̀ ò sì sinmi ariwo. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣòfin dá tiwa dúró. Ó kàn dúró ni.

ỌmọÌjẹ̀búState

Gbogbo àlàyé yìí gùn jù. Ẹ dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀, ó tán. Ìpínlẹ̀ kan, sẹ́nétọ̀ mẹ́ta lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Kánò tó lé ní mílíọ̀nù 9 ní mẹ́ta, Bayelsa tí kò pé mílíọ̀nù 2 ní mẹ́ta. Ìlà-Oòrùn Gúúsù ní sẹ́nétọ̀ 15, Ìwọ̀-Oòrùn Àríwá ní 21, àwa ní 18. Ìpínlẹ̀ ni nǹkan, ẹ̀yin ará. Ìjẹ̀bú la ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

ỌmọÌpájà

Ìjẹ̀bú, a ti gbọ́. Sẹ́nétọ̀ mẹ́ta-mẹ́ta fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, èmi ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ẹ̀. Ìlànà ìjọba àpapọ̀ níbi púpọ̀ nìyẹn, kí kékeré má baà rì. Ohun tó ń dùn mí ni pé òfin ní kí ẹkùn sẹ́nétọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ìpínlẹ̀ kan náà súnmọ́ ara wọn ní iye èèyàn. Ẹ wo Èkó: Ìwọ̀-Oòrùn Èkó, ìjọba ìbílẹ̀ 10, tó mílíọ̀nù 5.5. Àárín Gbùngbùn Èkó, ìjọba ìbílẹ̀ 5, bíi mílíọ̀nù 1.5. Ìlà-Oòrùn Èkó, 5, bíi mílíọ̀nù 1.9. Sẹ́nétọ̀ kan kan.

Ní Àlàúsà, nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ Èkó, ńkọ́? Àga 40, ìjọba ìbílẹ̀ 20, méjì-méjì. Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí tí ìkànìyàn 2006 ní ó jẹ́ 117,000 ní méjì, Alímọ̀ṣọ́ ní méjì. Nígbà tí Èkó dá LCDA 37 sílẹ̀ (ìjọba ìbílẹ̀ kéékèèké tí ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ dá), Alímọ̀ṣọ́ pín sí mẹ́fà: Agbádò/Òkè-Odò, Àyọ̀bọ̀-Ìpájà, Ẹ̀gbẹ́-Ìdímù, Ìgandò-Ìkọ̀tún, Mọ̀sán-Òkúnọlá, àti Alímọ̀ṣọ́ fúnra rẹ̀. Alága mẹ́fà. Ṣùgbọ́n LCDA ò sí nínú ìwé òfin Nàìjíríà, aṣojú kan ṣì ni.

Bí ẹ bá ní kí n pín àga 24 yìí láìbèèrè ẹyọ kan sí i lọ́wọ́ Àbújá: ẹ sọ Erékùṣù di ẹkùn kan. Ẹ so Ẹ̀pẹ́ pọ̀ mọ́ Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí, àwọn méjèèjì ò pé 300,000. Àga méjì jáde. Ẹ kó méjèèjì fún Alímọ̀ṣọ́, ó di mẹ́ta. Kò tíì pé, ṣùgbọ́n ó mọ́gbọ́n wá.

Ẹ̀pẹ́_Màrínà

Ta lẹ ń so pọ̀ mọ́ ta?

Ẹ tún ọ̀rọ̀ yín gbà. Iye 2006 lẹ ń kà. Lọ́dún 2006, ilé ìfọpo Dangote ò sí ní Ìbẹ́jú. Èbúté omi jíjìn ti Lẹ́kkí ò sí. Láti Ajah dé Ẹlẹ́kọ̀ọ́, ibi tí ẹ mọ̀ sí igbó nígbà yẹn, ilé alájà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, táwọn tó ń gbé inú ẹ̀ ń ti gbogbo Nàìjíríà bọ̀. Ẹ fẹ́ fi ìkànìyàn tó ti lé ní ogún ọdún gba àga lọ́wọ́ ibi tó ń dàgbà jù ní Èkó, kí ẹ tó wá ka èèyàn tuntun, àga ti lọ. Ọgbọ́n àyínìke.

ỌmọErékùṣù

Ẹ ṣé, Ẹ̀pẹ́. Wọ́n rò pé a ò lẹ́gbẹ́.

Lọ́yàAkínkanjú

Ọ̀rọ̀ Ẹ̀pẹ́ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Àlèébù gidi nìyẹn. Ìkànìyàn tó yẹ ká ṣe lọ́dún 2023, wọ́n ti múra sílẹ̀ fún un, wọ́n tún sún un síwájú, a ò tíì ṣe é dòní. Kò sí iye tuntun tí òfin lè gbà. Mílíọ̀nù 17 ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, kóòtù kan ò ní gbà á fún ẹkùn ìdìbò, torí òfin ilé aṣòfin àpapọ̀ kọ́ ló gbé e dìde.

BàbáIfẹ̀

Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ ò mọ ìdí tí ìkànìyàn fi ń dìjà. Ìdìbò 1959, ọdún kan kí a tó gba òmìnira, àga 312 ló wà nílé aṣòfin nígbà yẹn. Àríwá nìkan ní 174. Ìlà-Oòrùn 73, Ìwọ̀-Oòrùn 62, Èkó 3. Ìdajì lọ sí Àríwá, ó tún lé. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá gbé ìwé ìkànìyàn jáde, àga ni gbogbo ayé ń rí nínú ẹ̀. Ẹni tó bá ń ka orí, ìbò ló ń kà. Ìyẹn ló jẹ́ kó le.

WarriDọ́kítà

Mo jẹ́ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ní Warri, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo rí. Ní oṣù kejìlá 2022, ilé-ẹjọ́ tó ga jùlọ pàṣẹ fún INEC pé kó tún wọ́ọ̀dù pín ní ẹkùn ìdìbò Warri. Wọ́ọ̀dù o, kì í ṣe àga Àbújá. Nígbà tí àjọ náà gbé àbá rẹ̀ jáde lọ́dún 2025, àwọn Ìtsẹ́kírì ní wọ́n ti rẹ́ àwọn jẹ, wọ́n sì bọ́ sí ìgboro. Ìtsẹ́kírì, Ìjọ́ àti Urhobo ló jọ ń gbé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ onílé ló sì wà nídìí gbogbo ẹ̀. Bí INEC bá ń bẹ̀rù láti fọwọ́ kan ti gbogbo orílẹ̀-èdè, mo mọ ìdí ẹ̀.

TísàÒkèÒgùn

Mo ti padà. Mo rí i. Ọmọ Ìpájà ò purọ́. 680,000 ó lé sí ọ̀kan.

Mo gba ti iye orí báyìí. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

ỌmọÌpájà

Ta ló fẹ́ fi tísà ṣe yẹ̀yẹ́! Dọ́kítà, ẹ ṣé. Ṣùgbọ́n INEC kúkú ṣe kiní kan lọ́dún 2021: ibùdó ìdìbò 119,974 tó wà láti 1996, wọ́n sọ ọ́ di 176,846. Ìlú ò dàrú. Kí ló dé tí ìyẹn ṣeé ṣe?

Lọ́yàAkínkanjú

Torí pé ìyẹn ò gba ilé aṣòfin kọjá, kò sì gba àga lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ibi tí ẹ ti ń dìbò ni wọ́n yí padà, wọn ò yí ẹni tí ẹ ó dìbò fún.

Bí ẹ bá fẹ́ kí nǹkan ṣeé ṣe, èyí ni èmi á kọ sínú ìwé sí INEC: kí wọ́n má fọwọ́ kan iye àga ìpínlẹ̀ kankan, kí 24 Èkó jẹ́ 24, kí 14 Ọ̀yọ́ jẹ́ 14. Kí wọ́n tún ìlà fà nínú ìpínlẹ̀ nìkan. Ìjà Àríwá àti Gúúsù kò ní í wà níbẹ̀. Àwọn aṣojú tí yóò bínú nípìínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ò ní ju mélòó kan lọ, àwọn tí àǹfààní máa bá ló pọ̀ jù. Ìbò sì ni ilé aṣòfin fi ń fọwọ́ sí nǹkan. Ti Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n dúró de ìkànìyàn tuntun. Erékùṣù ò ní àwíjàre.

ỌmọErékùṣù

Lọ́yà, mo rò pé ọ̀rẹ́ mi ni yín.

Ó dáa. Bí ẹ bá máa kọ ọ́, ẹ kọ Sùúrùlérè sí i. 504,000, aṣojú méjì. Kí a má kàn jẹ́ àwa nìkan.

ỌmọÌpájà

A ó kọ ọ́. Sùúrùlérè, 252,000 sí ẹnì kan. Múṣin náà ní méjì, ṣùgbọ́n tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dáa, 316,000 sí ẹnì kan. Ta ló tún wà?

AJ_City

Àwa wà níbí láti ìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, a kàn ń ka gbogbo ẹ̀ ni. Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn, ìyẹn Ajégúnlẹ̀ tí ẹ mọ̀: 684,000, aṣojú kan. Àpápá tó bá wa pààlà: 217,000, aṣojú kan. Kò sí odò láàárín wa níbi tí mò ń gbé yìí, títì ni. Ẹni tó bá sọdá lọ rẹ́ǹtì yàrá lódìkejì, ohùn ẹ̀ ti di mẹ́ta.

Ẹ kọ tiwa sí i kí ẹ tó fi ìwé náà ránṣẹ́. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ lédè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, àwọn Ìgbò àti Ìjọ́ tó wà lójúlé wa náà fẹ́ fọwọ́ sí i.